Ta Ló Ní Ẹ̀jẹ̀ Wọn Kò Bára Mu? Ìtàn Cagney Mẹ́ta àti Lacey Kan Ṣoṣo

Amẹ́ríkà ni ìtàn tòní ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà sílé rárá, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ kí n tó parí.

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo wa máa ń sọ láìronú sí i: "Ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì bára mu." A máa ń sọ ọ́ nípa tọkọtaya, a máa ń sọ ọ́ nípa àwọn tó jọ ń ṣòwò, a sì máa ń sọ ọ́ nípa àwọn òṣèré tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ rántí eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ èyíkéyìí tí ẹ fẹ́ràn nígbà kan. Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé ẹ ti gbàgbé ẹni tó pa ẹni tó kú. Àwọn méjì tó jókòó sínú ọkọ̀ lóru, tí wọ́n ń ṣọ́ ilé ọ̀daràn, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń bú ara wọn, tí ọ̀kan sì mọ ohun tí èkejì fẹ́ sọ kó tó lanu, àwọn yẹn ni ẹ rántí.

Ìbéèrè mi lónìí nìyí: ẹ̀jẹ̀ tó bára mu yìí, níbo ló ti ń wá? Ṣé àmútọ̀runwá ni, àbí ńṣe ni wọ́n ń sè é bí ọbẹ̀, tó ń fẹ́ iná, tó ń fẹ́ sùúrù? Àti pé, bí ẹnì kan bá sọ fún wa pé kò sí i láàárín èèyàn méjì, báwo la ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ?

Òpìtàn ni mí. Àwa òpìtàn kò ní yàrá tí a ti lè da nǹkan méjì pọ̀ ká wò ó bóyá yóò hó, bí àwọn ará ẹ̀ka kẹ́mísírì ti ń ṣe. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìtàn fúnra rẹ̀ máa ń dán nǹkan wò fún wa. Eré Amẹ́ríkà kan wà tí wọ́n ń pè ní Cagney & Lacey, lórí obìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní New York. Òṣèré kan ṣoṣo ló ṣe Lacey látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òṣèré mẹ́ta ló ṣe Cagney. Ẹ ò rí i pé ó fẹ́ jọ ìdánwò?

Ẹ jẹ́ ká mọ bí ilẹ̀ ṣe rí kí wọ́n tó dé. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, bí ọlọ́pàá méjì bá jọ ń ṣiṣẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ọkùnrin méjì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Starsky & Hutch, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975 tó sì parí ní 1979, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa rántí. Kì í ṣe pé kò sí obìnrin. Angie Dickinson ṣe Police Woman láti 1974 sí 1978, ṣùgbọ́n òun nìkan ló dá wà láàárín àwọn ọkùnrin. Charlie's Angels dé ní 1976. Obìnrin mẹ́ta ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ọ̀gá ọkùnrin kan tí a kì í rí ojú rẹ̀, tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́, ló ń rán wọn níṣẹ́. Obìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọlọ́pàá gidi, tí wọ́n jọ ń lépa ọ̀daràn, tí ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń bá ara wọn ṣe sì jẹ́ ọ̀pómúléró ìtàn, ìyẹn ò tíì sí.

Àwọn tó kọ́kọ́ ro irú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ méjì: Barbara Avedon àti Barbara Corday, òǹkọ̀wé tí wọ́n jọ máa ń kọ eré pọ̀. Ní 1974, Molly Haskell kọ ìwé kan lórí bí fíìmù Hollywood ṣe ń ya àwòrán obìnrin. Ohun kan tí ìwé náà jẹ́ kí wọ́n kíyè sí ni pé àwọn ọkùnrin ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù tó dá lórí ọ̀rẹ́ ọkùnrin méjì, tí wọ́n ń dáàbò bo ara wọn, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn obìnrin ò ní irú rẹ̀. Avedon àti Corday wá kọ ọ́. Wọ́n lọ sí New York, wọ́n bá àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá níbẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n gbọ́ kọ Christine Cagney àti Mary Beth Lacey.

Fíìmù ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù kò gbà á. Barney Rosenzweig, tó jẹ́ agbátẹrù eré náà, gbé e káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS gbà á nígbẹ̀yìn, ìtàn alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí ó jẹ́.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 1981 ni wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́. Tyne Daly ni Lacey. Cagney àkọ́kọ́ ni Loretta Swit, tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ nínú M*A*S*H. Nínú 100 ilé tó tan tẹlifíṣọ̀n wọn lásìkò yẹn, 42 ló ń wo àwọn obìnrin méjì yìí. CBS ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn M*A*S*H ṣì de Swit mọ́lẹ̀, kò lè kúrò. Bí Cagney àkọ́kọ́ ṣe lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀jẹ̀ òun àti Daly kò bára mu. Ìwé àdéhùn ló yà wọ́n.

Meg Foster ni Cagney kejì. Oṣù kẹta ọdún 1982 ni eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ìpín mẹ́fà péré sì ni Foster ṣe. CBS gbà pé eré náà lè padà wá lẹ́yìn ìsinmi, ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan kan ṣe ọ̀ranyàn: Foster gbọ́dọ̀ lọ.

Kí ló dé? Ẹ gbọ́ ná. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde ni pé òun àti Daly jọra jù, pé àwọn méjèèjì le bákan náà, kò sí ìyàtọ̀ tó lè mú eré dùn. Bí ẹ bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà lásán ni. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò bára mu, ó parí. Àmọ́ lọ́dún yẹn kan náà, ọ̀gá CBS kan tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun bá ìwé ìròyìn TV Guide sọ̀rọ̀, ó sì tú àpò tì. Ó ní àwọn obìnrin náà le jù, wọn ò ṣe bí obìnrin tó, ó dà bíi pé bíbá ètò ìlú jà jẹ wọ́n lógún ju iṣẹ́ ọlọ́pàá lọ. Ó tún fi orúkọ burúkú tí wọ́n fi ń bú obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin kún un. Ojú tí àwọn fi rí wọn nìyẹn, ó wí.

Ẹ ò rí i? Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀. Obìnrin méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọn ò rẹ́rìn-ín músẹ́ tó, tí ọ̀kan nínú wọn kò sì ní ọkọ: ìyẹn ló ń ba àwọn kan lẹ́rù nínú ọ́fíìsì. Nígbà tí wọn ò lè sọ ẹ̀rù wọn ní gbangba, wọ́n wá ọ̀rọ̀ tó dùn-ún gbọ́ fún un. Julie D'Acci, tó kọ odidi ìwé kan lórí eré yìí ní 1994, ka àwọn lẹ́tà tí àwọn òǹwòran kọ. Àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n kọ̀wé láti fi ẹ̀hónú hàn pé kí ló dé tí wọ́n mú Foster kúrò. Lójú tiwọn, ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ti ń bára mu.

Sharon Gless ni Cagney kẹta. Rosenzweig ti ń wò ó látìbẹ̀rẹ̀, àdéhùn tó ní níbòmíràn ni kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Òun náà kò yára gbà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò Lynn Redgrave nínú eré mìíràn ni, House Calls, kò sì wù ú kó tún di ẹni tó ń gba àga lábẹ́ obìnrin míì. Nígbẹ̀yìn ó gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 1982.

Gbogbo ẹni tó mọ eré yẹn ló mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Gless àti Daly pọ̀. Mi ò ní jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó bí òpìtàn. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ Cagney, ṣé òun nìkan ni wọ́n pààrọ̀ ni? Rárá o. Wọ́n pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, wọ́n ná owó sí i kó lè túbọ̀ gún. Wọ́n pààrọ̀ ibi tó ti wá: Cagney tuntun ní ìyá tó jẹ́ ọlọ́rọ̀, bàbá rẹ̀ ló jẹ́ ọlọ́pàá. Lacey ní tiẹ̀ wà ní Queens pẹ̀lú Harvey ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ, ó ń ṣọ́wó ná. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ní Foster kò mú wá, ìwé ni wọ́n fi kọ ọ́ fún Gless. Bí mo bá fún ọmọ kan ní ìdánwò láìfún un ní tádàwá, tí mo wá fún èkejì ní tádàwá àti ìwé, tí èkejì sì borí, kí ni mo lè sọ nípa ọpọlọ àkọ́kọ́?

Ohun kejì ni àkókò. Swit ní alẹ́ kan. Foster ní ìpín mẹ́fà. Gless wà níbẹ̀ títí eré náà fi parí lóṣù karùn-ún ọdún 1988, nígbà tí ó ti pé ìpín 125. Ẹ yọ mẹ́fà ti Foster kúrò, ó ku 119. Àárín 119 yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ti bára mu, mo sì lè tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti sè é.

Ibi àkọ́kọ́ ni ilé ìtọ̀ àwọn obìnrin ní àgọ́ ọlọ́pàá wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú àgọ́ tó kún fún ọkùnrin, níbi tí ọ̀gá wọn Samuels ti ń pariwo, tí Isbecki ń ṣe fáàrí kiri, ibẹ̀ nìkan ni àwọn méjèèjì lè ti ìlẹ̀kùn sí kí wọ́n sọ òótọ́ fún ara wọn. Léraléra ni àwọn òǹkọ̀wé dá wọn padà síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í bára mu lójú agbo. Ó ń fẹ́ ibi tí èèyàn méjì ti lè sọ ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ibi kejì ni ìjà. Wọ́n máa ń jà gan-an: lórí iṣẹ́, lórí ọkùnrin, lórí owó, lórí ohun tó yẹ kí obìnrin jẹ́. Bí a bá ní ahọ́n àti eyín ń jà, ohun tí a ń sọ ni pé ẹnu kan náà ni wọ́n ṣì ń gbé. Ní 1985, Lacey rí kókó kan lọ́mú, ẹ̀rù bà á, kò sì fẹ́ rí dókítà. Cagney ló kó o láyà jẹ, tó bá a jà títí tó fi lọ. Jẹjẹrẹ ni lóòótọ́. Ní 1987, ó kan Lacey. Bàbá Cagney ti kú, Cagney sì kó sínú ọtí pátápátá. Lacey wọ inú ilé rẹ̀ lọ bá a níbi tó ti ń run, kò ṣàánú rẹ̀ lọ́rọ̀ ẹnu, ó sì dúró tì í títí Cagney fi lọ dúró níwájú àwọn tí ọtí ti bà jẹ́ bíi tiẹ̀, tó jẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò: ìpín kẹfà kọ́ ni ẹnikẹ́ni lè ṣe irú èyí. Ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún ìjà kéékèèké ló gbé e ró.

Ibi kẹta ni ọwọ́ àwọn òǹwòran. Lóṣù karùn-ún ọdún 1983, CBS fagi lé eré náà. Rosenzweig ké sí àwọn èèyàn, àwọn èèyàn sì kọ lẹ́tà lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin náà ò sì gbẹ́yìn. Lóṣù kẹsàn-án, Daly gba àmì ẹ̀yẹ Emmy fún eré tí wọ́n ti pa. Ojú ti CBS, wọ́n dá a padà sáfẹ́fẹ́ lóṣù kẹta ọdún 1984. Láti 1983 dé 1988, ọdún mẹ́fà gbáko, Emmy òṣèrébìnrin tó ta yọ jù nínú eré gidi kò kúrò láàárín àwọn méjèèjì. Daly gba mẹ́rin, Gless gba méjì. Wọ́n ń bá ara wọn du àmì ẹ̀yẹ kan náà lọ́dọọdún, wọ́n sì ń padà síbi iṣẹ́ láti jọ ta ọ̀rọ̀ bí ayò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá kan mi nìyí. Àṣeyọrí Gless ni wọ́n fi sin ẹjọ́ Foster. Bí ẹ bá béèrè pé ṣé ó tọ́ bí wọ́n ṣe lé e, wọ́n á ní, ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ! Gless kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló ṣe, ó sì ṣe é yanjú. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wọlé bá ṣe dáadáa, ìyẹn kọ́ ni ẹ̀rí pé ẹni tó jáde kò lè ṣe é.

Mo mọ̀ nítorí mo ti jókòó síbi irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lé lógún ọdún sẹ́yìn báyìí. A ń wá olùkọ́ kan, a jẹ́ márùn-ún nínú ìgbìmọ̀, a sì pe èèyàn mẹ́ta fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Obìnrin kan wà nínú wọn tí ìwé tó ti kọ ju ti àwọn méjì yòókù lọ. Ọ̀kan nínú wa sọ ọdún kan tí kò rí bẹ́ẹ̀, obìnrin yìí sì tún un ṣe. Kò fi ṣe fáàrí. Ó kàn ní, "Ẹ má bínú sà, ọdún tó tẹ̀ lé e ni." Òótọ́ ló sọ. Nígbà tó jáde, yàrá náà dákẹ́. Ẹnì kan wá ní, "Ó mọ̀wé o, àmọ́ mi ò rò pé ẹ̀jẹ̀ tiwa àti tiẹ̀ máa bára mu." Gbogbo wa mi orí. Èmi náà mi orí. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí nìyẹn túmọ̀ sí.

Ọkùnrin tí a mú ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mi ò ní nǹkan kan láti sọ sí i. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe sí ẹni tó padà béèrè nípa obìnrin yẹn mọ́. Èmi gan-an ò ronú kàn án, títí di ìgbà tí mo ka ìtàn Meg Foster, tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá CBS sọ, tí mo sì rí i pé bí ẹnì kan bá fipá mú mi tú àpò tèmi lọ́jọ́ náà, ohun tó máa já bọ́ kò ní í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Obìnrin náà kò bẹ̀rù wa tó. Òun ni gbogbo ẹjọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ̀kọ́ ìṣọ̀kan la sábà máa ń fà yọ níbẹ̀, ó sì dáa. Àmọ́ òwe náà kò sọ pé kí ejò kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ òun àti ti èkejì bára mu kí wọ́n tó jọ rìn. Ìrìn ló sọ. Avedon àti Corday ti ń rìn pọ̀ kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Daly àti Gless rìn fún ọdún mẹ́fà. Daly àti Foster, wọn ò jẹ́ kí wọ́n rìn dé orígun àdúgbò.

Ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ̀yin ọmọ mi, ti di ọ̀gá. Ẹ̀yin náà lẹ ń jókòó sí ìgbìmọ̀ báyìí, ẹ̀yin lẹ ń yan ẹni tí yóò bá ta ni ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan nínú yàrá bá ní ẹ̀jẹ̀ ò bára mu, ẹ má mi orí bíi tèmi. Ẹ bi í pé: kí lo rí gan-an? Kí ó sọ ọ́ síta kí gbogbo yín gbọ́. Bó bá jẹ́ ohun tó ṣeé sọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ń kólòlò, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú àpò. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi ara yín: ọjọ́ mélòó la fẹ́ fún un?

Obìnrin tí mo sọ yẹn ti di ọ̀jọ̀gbọ́n níbòmíràn. Mo rí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé kan lọ́dún tó kọjá, mo rà á, mo sì kà á tán. Ọdún tó tún ṣe fún wa lọ́jọ́ náà wà ní orí kejì ìwé náà. Mi ò tíì kọ lẹ́tà sí i. Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.